Ẹ Ta Jìtá Mi

Bàbá mi kò fẹ́ràn ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà ti máa káàánú rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó débi tí àánú wà. Bùsàrí ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò wa lẹ́yìn Ìga Ìdúngànràn ló mọ̀ ọ́n sí Bùsàrí Oníjìtá, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń yà sí ọ̀nà mìíràn bí wọ́n bá rí i tó ń bọ̀. Ó ti bá oríṣiríṣi ẹgbẹ́ eléré háíláìfù ṣiṣẹ́ rí, kò sì sí èyí tó fi sílẹ̀ láìjà. Bí o bá ta okùn kan ṣì lójú agbo, yóò dá orin dúró, yóò sì bi ọ́ níwájú àwọn oníjó bóyá ìyá rẹ ló kọ́ ọ.

Ìyá wa ti kú tipẹ́. Àwa ọmọ méjì ló kù: ẹ̀gbọ́n mi Kàsímù, àti èmi Sàdíátù. Kàsímù ń ta àgádágodo ní Apọ́ngbọ̀n, kì í pa ìrun jẹ, kò sì fọwọ́ kan jìtá rí láyé rẹ̀. Ó ní ariwo Ṣàtánì ni. Èmi ń tẹ̀wé fún lọ́yà kan ní Igbóṣeré, èmi sì ni bàbá mú pé òun yóò kọ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn mi. Kò rí ẹlòmíràn tó lè jókòó ti èébú rẹ̀ ni.

Ní àkókò tí gbogbo Èkó ń múra Fẹ́sítáàkì sílẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun mú àwo orin kan bọ̀ fún un láti Amẹ́ríkà. Jáàsì ni wọ́n pò mọ́ róòkì nínú rẹ̀, jìtá ibẹ̀ sì ń sáré débi pé n kò lè ya ohùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bàbá jókòó ti giramafóònù, ó ń gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó ń gbé e padà sẹ́yìn, títí àwo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Nígbà tó yá ó ní òun ti mú un.

Ó ní, "Ọkùnrin yìí ò ju ẹnikẹ́ni lọ. Àlọ àti àbọ̀ ló ń lò."

Ohun tó pè ní àlọ àti àbọ̀ kò ṣòro láti sọ. Láyé ìgbà náà, àtàǹpàkò àti ìka ni ọ̀pọ̀ oníjìtá wa fi ń ta okùn. Àwọn tó ń lo píkì, pẹlẹbẹ kékeré kan tí bàbá máa ń fi ìwo màlúù gbẹ́ fúnra rẹ̀, ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ta á sí. Wọn a gbé ọwọ́ padà sókè lófìfo kí wọ́n tó tún ta òmíràn. Bàbá ní ọwọ́ tó bá ń padà bọ̀ lófìfo, ọ̀lẹ ni. Ó ní bí píkì bá ń sọ̀ kalẹ̀ kó ta okùn, bó bá ń gòkè kó ta okùn, kí ohùn méjèèjì sì rí bákan náà létí. Bó bá sì jẹ́ pé o kò dá ohùn kan ta, tó jẹ́ gbogbo okùn lo ń gbá pọ̀ kí ẹlòmíràn lè kọrin lé e lórí, òfin kan náà ni. Ọwọ́ ọ̀tún kì í dúró. Bí orin bá ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ọwọ́ òsì ni yóò pa okùn lẹ́nu mọ́; ọ̀tún ṣì ń lọ, ọ̀tún ṣì ń bọ̀, okùn á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí aago ara ògiri.

Sísọ rẹ̀ rọrùn. Nígbà tí èmi ń ṣe é, ìgúnpá mi ló ń ṣiṣẹ́ dípò ọrùn ọwọ́. Bàbá já ìborí mi gbà, ó fi de apá mi mọ́ ìhà, ó fún un débi tí mo fi ń mí díẹ̀díẹ̀. Ó ní ọrùn ọwọ́ nìkan ni òun fẹ́ rí. Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá ti Igbóṣeré dé, kí n tó bu omi mu, yóò ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú ìborí lọ́wọ́. Bí mo bá sunkún, á ní kí n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí omi má baà kán sórí jìtá òun. Jìtá oníná ni, ó pupa, ó ń dán, òun nìkan sì ni ohun tí mo rí tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ nù nínú ilé wa.

Kò yìn mí rí. Bí mo bá ta á tí kò rí ibi tí yóò bú, "Tún un ta" ni yóò wí. Mo ti kúrò lọ́mọdé nígbà náà, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń kó ọmọ lọ síléèwé, síbẹ̀ mo ń jókòó sórí àpótí yẹn lójoojúmọ́, tí wọ́n dè mí bí ewúrẹ́ Iléyá, mo ń retí kí ọkùnrin yìí sọ pé ó dára. Inú á bí mi sí i. Lọ́jọ́ kejì mo tún jókòó.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, Adéníyì, dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan tí kò jìnnà sí ọ́fíìsì wa. Irú orin inú àwo bàbá gan-an ló ń ṣe. Oníjìtá rẹ̀ bá obìnrin kan lọ sí Gánà, kò padà. Adéníyì kéde pé òun yóò dán ẹni tó bá fẹ́ wò lọ́sàn-án Sátidé, kí olúkúlùkù gbé jìtá tirẹ̀ wá. Mo lọ bá a.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Sisí, a ò wá akọrin o."

"Jìtá ni mò ń ta, sà."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Bùsàrí ni bàbá mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Wíkẹ́ẹ̀dì màn yẹn. Ó lé mi sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle rí, níṣojú ìyàwó mi. Ó dáa, ẹ wá. Mo fẹ́ wo ohun tó fi sílẹ̀."

Mo fẹ́ iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe fẹ́ ọkọ lọ. Ó ti sú mi kí n máa tẹ ìwé ẹjọ́ àwọn tó ń bá ara wọn du ilẹ̀ tí kò kàn mí. Mo mọ̀ pé mo lè ta orin yẹn. Nígbà tí mo sọ fún bàbá, ẹ̀bà ló ń jẹ. Ó gbé òkèlè mì kó tó dá mi lóhùn.

Ó ní, "Wọn ò ní mú ẹ." Ó sì na ọwọ́ sí ẹran.

Ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò náà máa wáyé ló ṣubú nídìí omi àlùwàlá. Nígbà tí a gbé e dìde, apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú, láti èjìká dé ọmọ ìka. Ẹnu rẹ̀ wọ́. Ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò lè gbé ohùn sókè, kò lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí èdè wa máa ń dà bí a bá yọ òkè àti ìsàlẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bó bá ní òun fẹ́ igbá, a ò mọ̀ bóyá igba ló ń kà. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lẹ́nu rẹ̀. À ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà nínú òkùnkùn.

Dókítà ní kí a jẹ́ kó sinmi sílé. Inú yàrá ni a tẹ́ ẹ sí, èmi a sì jókòó sí pálọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí n ta jìtá. Kò sí ẹni tó dè mí mọ́. Ọrùn ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà náà, mo sì mọ̀ pé ó ń gbọ́ mi láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Mo rò pé oògùn ni mò ń fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Kàsímù ti ṣọ́ọ̀bù dé, Àǹtí Àdìjátù tó jẹ́ àbúrò bàbá sì wá kí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta orin kan tán, mo fi jìtá kọ́ sára ìṣó, mo wọlé bá wọn. Bàbá yí ojú sí wa. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ó sì jáde ní pẹrẹsẹ kan náà: ẹ ta jìtá mi.

Kàsímù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ gbọ́ o, Àǹtí. Bàbá ní ká ta jìtá."

Mo ní, "Mo gbọ́. Wọ́n ní kí n máa ta á."

"Ká tà á ni wọ́n wí."

"Bọ̀ọ̀dá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á tán ni. Wọ́n ní kí n tún un ta."

Kàsímù kò gbé ohùn sókè. Ọlọ́jà ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi pẹ̀lẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Ó ní, "'Ẹ' ni wọ́n lò, Sàdíátù. Ìgbà wo ni bàbá ti ń pe ìwọ ní ẹ̀yin? Èmi àti ìwọ ni wọ́n ń bá wí pọ̀. Ṣé èmi náà máa ń ta jìtá ni? Ohun tí àwa méjèèjì lè jọ ta, ọjà ni."

"Àǹtí ló wà níbí, àwọn ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún."

"Àbúrò wọn ni wọ́n á máa pè ní ẹ̀yin?"

Àǹtí Àdìjátù ní kí a jẹ́ kí aláìsàn sinmi, pé bó bá di ọ̀la, yóò tún un sọ. A wo bàbá. Ó ti di ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo ti Igbóṣeré dé, ìṣó nìkan ló wà lára ògiri. Kàsímù jókòó sí pálọ̀, ó ń dúró dè mí. N kò ní pè é ní ojo. Ó ní bàbá ti sọ̀rọ̀, òun sì ti ṣe bó ṣe wí, òun ti tà á fún ọmọkùnrin Ẹ̀gbá kan tó ń jẹ́ Ọlátúndé, tó ń ta jìtá káàkiri àwọn hòtẹ́ẹ̀lì. Mo wọlé tọ bàbá lọ. Mo kúnlẹ̀, mo bi í bóyá òun ló ní kí wọ́n gbé jìtá òun fún àjèjì. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ṣàn lọ sínú etí rẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ gbọ́? Mo jáde sí pálọ̀, mo wo ẹ̀gbọ́n mi lójú, mo sì pè é ní ìwọ. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Mo wá jìtá mìíràn ní ọjọ́ Ẹtì títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Kò sí oníjìtá tó ń yá obìnrin ní jìtá. Lọ́sàn-án Sátidé mo gba hòtẹ́ẹ̀lì lọ lọ́wọ́ òfìfo, mo fi píkì sínú pọ́ọ̀sì mi. Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí ni Ọlátúndé, tó gbé jìtá bàbá mi lé orí itan. Ó ti wá sí ìdánwò kan náà. Kàsímù ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé òun kò mọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́.

Mo bẹ Ọlátúndé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá pè mí, ẹ yá mi, orin kan péré ni. Jìtá ilé wa ni."

Ó ní, "Sisí, wọ́n tà á fún mi kí n lè ta á ni. Wọn ò tà á fún mi kí ẹ̀yin lè ta á."

Àwọn ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó tún un wí, ó sì tún un wí. Adéníyì wá wo ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un, mo bẹ òun náà, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ń dùn mọ́ ọn.

Ó ní, "Ẹni tó ń roko kì í fi ọkọ́ sílé. No jìtá, no test, mo ti kéde ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ, ẹ jókòó síbí níwájú. Ẹ ó lọ ròyìn fún bàbá yín."

Mo jókòó. Ó yẹ kí n lọ, ṣùgbọ́n jìtá náà ni mo fẹ́ gbọ́. Ọlátúndé ta á. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó mọ̀ ọ́n ta. Kò tó mi, mo sì wí bẹ́ẹ̀ láìtijú, àbọ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń dúró níbi tó yẹ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ó dára tó fún wọn. Adéníyì nawọ́ sí i kí orin tó parí. Ó ní kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí mo ń jáde, wọ́n kí mi pé ó dàbọ̀, Ìyá Jìtá.

N kò lọ sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ajé náà. Apọ́ngbọ̀n ni mo gbà lọ. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Kàsímù nígbà tí ọjà kún, mo sọ ohun tó ṣe fún gbogbo ẹni tó ní etí. Mo ní bàbá wa ní ká ta jìtá, ọlọ́jà ní ká tà á ni wọ́n wí. Mo ní ẹni tó lè ta ohùn bàbá rẹ̀ nígbà tí bàbá ò lè sọ̀rọ̀, ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó ra kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kàsímù ń bẹ̀ mí pé kí n wọlé. Mo kọ̀. Alábàárù kan ló kọ́kọ́ pè é ní Kàsímù Tà-á, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn oníbàárà á dé, wọ́n á mú àgádágodo, wọ́n á ní, "Tà-á, ṣé o máa tà á?" Lọ́sàn-án Jímọ̀, àwọn tó ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń fi orúkọ náà kí i.

Ó mú Kùránì wá sílé, ó fi ọwọ́ lé e níwájú Àǹtí Àdìjátù, ó búra pé ohun tí òun gbọ́ ni òun ṣe. Mo ní Ọlọ́run náà gbọ́ èdè Yorùbá. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Nígbà tó yá, ó kó ọjà rẹ̀ kúrò ní Apọ́ngbọ̀n, ó kó ìyàwó rẹ̀ lọ sí Mushin, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilé wa mọ́. Àǹtí wá bá mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní, "Àlọ ni ti ahun, Sàdíátù, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀. Gbogbo wa la dá Kàsímù lẹ́bi. Ó ti wá ń di ẹ̀bi tìẹ báyìí." Mo ní kó rí bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn sí ìyà rẹ̀, n kò lè purọ́.

Èmi nìkan ló ń tọ́jú bàbá lẹ́yìn náà. Mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń fún un lóúnjẹ, mò ń fọ aṣọ tó bá tọ̀ sí. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tí wọ́n fìyà jẹ bí wọ́n ṣe fìyà jẹ mí ni òun náà. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń padà bọ̀. Ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ padà, òkè tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi pé omi ìwẹ̀ òun tutù, mo sì gbọ́ gbogbo èébú náà kedere.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, mò ń fún un ní ẹ̀kọ mu, ó fi ọwọ́ òsì dá ṣíbí dúró.

Ó ní, "Kàsímù ńkọ́? N kò rí i mọ́."

Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Mo ròyìn ohun gbogbo fún un, ọjà Apọ́ngbọ̀n, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Mushin. Mo ní, "Mo gbèjà yín, Bàbá. Ẹ ní kí n máa ta á, ó lọ tà á."

Ó gbé ẹ̀kọ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

Ó ní, "Títà ni mo wí."

Mo ní kó tún un sọ. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, bí ìgbà tó ń kọ́ mi. "Títà. N kò sọ pé títa."

Ẹ̀rù bà mí láti bi í, ṣùgbọ́n mo bi í. "Ṣé nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n ta ni?"

"O mọ̀ ọ́n ta." Kò wo ojú mi, òrùlé ló ń wò. "Mo dùbúlẹ̀ síbí bí ẹrù, mò ń gbọ́ ẹ ní pálọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Ó dára. Ó dára ju tèmi lọ. Nígbà tí mo ní ọwọ́ méjèèjì, n kò ta á tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé kí n wá jẹ́ kí o gbé e lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, kí gbogbo Èkó máa sọ pé Bùsàrí ò mọ̀kan tó ọmọ ẹ̀? Kàsímù gbọ́ mi. Ọmọ gidi ni. Ránṣẹ́ pè é."

Mo mọ ilé Kàsímù ní Mushin, mo mọ àwọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní n kò mọ ibi tó ń gbé.

Bàbá la ẹnu kí n máa fún un ní ẹ̀kọ lọ. Mo fi ṣíbí sínú abọ́, mo gbé abọ́ náà sórí tábìlì, níbi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè dé. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ń wò ó, ó ń wo abọ́, títí ẹ̀kọ náà fi dì.